ÌṢIRÒ OWÓ ÀGỌ́: 603,550

Kíkà: Ẹ́kísódù 38:21-28, Númérì 1:46.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí a bá ń ka Bíbélì, ọ̀pọ̀ nínú wa a máa fò kọjá lórí àwọn iye inú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀kan wò: 603,550, iye àwọn ọkùnrin Ísírẹ́lì tí a kà, láti ẹni ogún ọdún lọ sókè.

1. Òdo ni ó gbẹ̀yìn iye yìí, nítorí náà ó ṣe é pín sí méjì láìṣẹ́kù. Ààbọ̀ ṣékélì ni olúkúlùkù san. Ìdajì 603,550 sì ni 301,775.

2. Ìwé kọ fàdákà náà ní 100 tálẹ́ńtì àti 1,775 ṣékélì. Tálẹ́ńtì kan jẹ́ 3,000 ṣékélì. Ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 300,000. Fi 1,775 kún un, ó di 301,775. Kò lé, kò dín.

3. Ẹ ro 6, 0, 3, 5, 5 àti 0 pọ̀: ó di 19. Mẹ́ta kò pín 19 tán, nítorí náà kò lè pín 603,550 tán, bẹ́ẹ̀ ni méjìlá kò lè pín in tán. Àwọn ẹ̀yà méjìlá náà kò dọ́gba: Júdà jẹ́ 74,600, Mánásè 32,200. Ṣùgbọ́n iye kan náà ni olówó àti tálákà san.

Ìtámárì ni a fi ṣe alábòójútó ìṣirò náà. A kọ iye tí ó wọlé. A kọ ohun tí a fi ṣe pẹ̀lú. Àwa tí a ń tajà, àti àwa tí a wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ẹ jẹ́ kí ìwé owó wa rí bẹ́ẹ̀, pàápàá ti àpò ìjọ: kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè tún un ṣírò, kí ó sì bá a bákan náà.

Ìbéèrè: Kí ni a fi 1,775 ṣékélì náà ṣe?