Àṣàrò Òwúrọ̀: Owó Iṣẹ́ Àlejò

*Bíbélì kíkà:* Léfítíkù 19:9-15 àti 33-36. Rúùtù orí 2

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó ka ohun tí mo kọ yìí, ẹ kọ́kọ́ ṣí Bíbélì yín síbi tí mo tọ́ka sí. Mi ò ní kọ ẹsẹ̀ náà síbí, torí mo ti rí i pé bí mo bá ti kọ ọ́ báyìí, ẹ kì í ṣí Bíbélì mọ́.

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àwọn ará ti ń fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀kan wá láti Accra, níbi tí àwọn kan ti jáde ní ọdún 2025 tí wọ́n ń pariwo pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà kó ẹrù wọn kí wọ́n máa lọ. Òmíràn wá láti South Africa, ìyẹn ti pẹ́, ti ọdún 2019 ni, ìgbà tí wọ́n ń fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa. Ẹ̀kẹta, ọmọ wa kan tó wà ní London ló fi í ránṣẹ́: àwọn òyìnbó kóra jọ síwájú òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi àwọn tó wá tọrọ ààbò wọ̀ sí, wọ́n ń bú wọn. Ohun kan náà ni gbogbo wọn kọ sábẹ́ rẹ̀: ẹ bá wa gbàdúrà.

A ó gbàdúrà. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn kan tí mi ò sọ rí nínú ìjọ, nítorí ojú rẹ̀ ń tì mí.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí bàbá mi, ṣùgbọ́n Tamale, lápá òkè Gánà, ni wọ́n ti rí jẹ. Kì í ṣe àwọn nìkan. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò àti Ìlọrin kún ọjà Gánà nígbà yẹn fọ́fọ́. Láti ayé òyìnbó ni wọ́n ti ń lọ, abẹ́ òyìnbó kan náà ni Nàìjíríà àti Gold Coast sì wà, ta ló ń bi ẹnikẹ́ni ní ìwé? Títí dòní, ọṣẹ dúdú wa yìí, alata samina ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ìyẹn á jẹ́ kí ẹ mọ bí a ti pẹ́ láàárín wọn tó.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹni tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀, tó ti bí ọmọ mẹ́ta síbẹ̀. Màmá mi ní ìlà tí wọ́n tò láti gba ìwé náà gùn débi pé àwọn kan sun ojú ìlà mọ́jú.

Abọ́ àti aṣọ ni bàbá mi ń tà. Ẹni tó bá a ra ṣọ́ọ̀bù náà mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ. Kò tètè dá a lóhùn. Ó dúró títí ó fi ku ọjọ́ méjì, ó wá sọ iye tó wù ú. Bàbá mi gbà á, wọ́n kó ẹrù wọn sínú lọ́rì. Mi ò lè ka iye ìgbà tí mo gbọ́ ìtàn yẹn ní kékeré. Bí bàbá bá ti jẹun alẹ́ tán, tí àlejò bá wà níjòókòó, ó di dandan kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n á ní, "Kì í ṣe ìjọba ló dùn mí. Ọkùnrin yẹn ló dùn mí."

Màmá mi ní ìtàn tiwọn, àmọ́ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́. Aládùúgbò wọn kan ní Tamale, obìnrin Dagomba, Mùsùlùmí, ló gba ẹ̀rọ ìránṣọ wọn tí kò sí àyè fún nínú lọ́rì. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin, awakọ̀ kan kan ilẹ̀kùn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Owó ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n fi rán an. Ó pé pérépéré.

Ẹ mú ìtàn méjèèjì yẹn dání, ká wá dé ọdún 1983.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nínú ìjọba Shagari, Alhaji Ali Baba, kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé fi Nàìjíríà sílẹ̀ kó tó di ìparí oṣù. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni o, àfi bí ẹni pé wọ́n da ìwé Busia kọ. Owó epo ti já wálẹ̀, ìdìbò ń bọ̀ lóṣù Kẹjọ, ẹnu sì ti kún pé àjèjì ló ń fi ìbọn jalè, àjèjì ló gba iṣẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Wọ́n ní kí àwọn tó mọṣẹ́ ọwọ́ dúró di ìparí oṣù Kejì, àmọ́ ta ló fẹ́ dúró wò ó bóyá ọlọ́pàá máa mọ ìyàtọ̀? Èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan ló lọ, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Báàgì ńlá alágbàá mẹ́rin yẹn tí gbogbo wa fi ń kó ẹrù, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ Ghana Must Go. Ìjọba Gánà fúnra rẹ̀ ti ti bọ́dà tirẹ̀ àti ti Tógò pa láti ọdún 1982. Bí àwọn èrò ṣe há nìyẹn lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ àti Kùtọnu, tàwọn tọmọ, wọ́n ń sun ìta gbangba títí Gánà fi ṣí i bí oṣù ṣe ń parí lọ.

Bíríkìlà ará Gánà kan ló rẹ́ ilé wa. Kòfí là ń pè é. Gbogbo ọkùnrin Gánà ni Kòfí lójú wa nígbà yẹn. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń sọ ní orúkọ yẹn. Nítorí náà, mi ò mọ orúkọ ọkùnrin náà títí dòní. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó ku 60 náírà tí bàbá mi máa san fún un. Owó gidi ni, nítorí 125 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin nígbà náà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá. Ní àkọ́kọ́, bàbá ní kó padà wá lọ́la. Ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní àwọn ò sí nílé, àwọn sì wà ní yàrá. Èmi ni wọ́n rán sí i. Bó ṣe ń lọ, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi tẹ̀ lé e, a ń pàtẹ́wọ́, a ń pariwo kí ará Gánà máa lọ. Kò bojú wẹ̀yìn. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bàbá ka 15 náírà sí i lọ́wọ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ó ku márùndínláàádọ́ta." Bàbá mi wò ó, wọ́n ní, "O mọ̀ pé o ò ní ìwé. Tí mo bá pe ọlọ́pàá ńkọ́?"

Ọkùnrin náà ò sọ nǹkan kan. Màmá mi jáde láti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n di gàrí sínú ọ̀rá fún un, ó dúpẹ́, ó lọ. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gbọ́ ohùn màmá nínú yàrá. Ohùn jẹ́jẹ́ ni: "Baálé mi, ta ló ra ṣọ́ọ̀bù wa ní Tamale?"

Bàbá mi ò dáhùn. Mi ò tún gbọ́ kí wọ́n sọ ìtàn Tamale mọ́ títí wọ́n fi kú.

Ẹ má bínú sí bàbá mi o. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọ́n ràn mí lọ síléèwé, wọ́n san ìdámẹ́wàá wọn. Ìdí nìyẹn gan-an tí mo fi ń sọ ọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo Léfítíkù 19. Ẹsẹ 33 àti 34 la sábà máa ń kà, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí wọ́n má ṣe ni àlejò lára, kí wọ́n kà á sí ọmọ onílé, torí àwọn náà ti ṣàlejò rí ní Íjíbítì. Ọ̀pọ̀ wa máa ń dúró síbẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà lókè àti ohun tó wà nísàlẹ̀. Lókè, ní ẹsẹ 13, Ọlọ́run ò fẹ́ kí owó alágbàṣe sun ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ mọ́jú. Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé ọmọ ìlú nìkan ni ìyẹn wà fún, kó lọ ka Diutarónómì 24:14, wọ́n dárúkọ àlejò síbẹ̀ gbangba. Nísàlẹ̀, ní ẹsẹ 35, bí Ọlọ́run ṣe sọ̀rọ̀ àlejò tán ló bọ́ sórí òṣùwọ̀n ọjà. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń rò pé ọ̀rọ̀ mìíràn ló bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ibo ni wọ́n ti máa ń rẹ́ àlejò jẹ tó ju ibi tí wọ́n ti ń ka owó, tí wọ́n ti ń wọn nǹkan? Ṣebí òun ni kò lè fẹjọ́ sùn.

Ẹ wá wo Rúùtù. Ará Móábù ni, Diutarónómì 23:3 sì le lórí àwọn ará Móábù. Ẹni tó bá fẹ́ fi òfin lé e lọ ní ìwé lọ́wọ́. Bóásì kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí òfin yẹn. Òfin míì ló mú lò, èyí tó wà ní Léfítíkù 19:9 àti 10, pé kí wọ́n fi èéṣẹ́ sílẹ̀ nínú oko fún aláìní àti àlejò. Ó tún kìlọ̀ fún àwọn ọmọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dójú tì í. Ẹ ka Mátíù 1:5, ẹ ó rí ìyá tó bí Bóásì: Ráhábù, ará Jẹ́ríkò. Ọmọ àjèjì ni Bóásì fúnra rẹ̀! Òun ò gbàgbé Tamale tiẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ lọ́kàn pé, ṣé kí ìjọba kàn ṣílẹ̀kùn kalẹ̀ ni? Rárá o. Róòmù 13 wà nínú Bíbélì tèmi náà. Ìlú gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wọlé, kò sí onílé tí kì í ti ilẹ̀kùn lálẹ́. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1979 fún àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 90 ọjọ́ láìsí fisà. Ẹni tó bá máa kọjá bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ. Púpọ̀ nínú àwọn tó lọ ní 1983 ti kọjá 90 ọjọ́ lóòótọ́, wọn ò sì gba àṣẹ. Ẹ jẹ́ á gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ á tún sọ òótọ́ láàárín ara wa: mélòó nínú àwọn ọmọ wa lókè òkun ni fisà wọn ti kú tipẹ́? Tó bá jẹ́ tiwa, a máa ń ní "ó ṣì ń wá ìwé ni," a ó sì dá ààwẹ̀ lé e. Tó bá jẹ́ ọmọ ẹlòmíràn níbí, a ó ní "kò ní ìwé, ọ̀daràn ni." Mo ti sọ fún yín ibi tí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n wà nínú Léfítíkù.

Ìjọba lè ní kí ẹnìkan máa lọ. Ìjọba Shagari ò sọ fún bàbá mi pé kó má san 60 náírà. Ìjọba Busia ò sọ fún ọkùnrin Tamale yẹn pé kó dúró di ọjọ́ méjì sí i. Àwa la máa ń fi tiwa kún un.

Ọ̀rọ̀ pé àjèjì ló ń jalè náà ńkọ́? Àwọn ará Gánà lọ, olè ò bá wọn lọ. Ọjà ò sì dẹ̀. Kí ọdún 1983 tó parí, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, àwọn ológun ti gbàjọba. Nígbà tó fi di 1985, ìjọba ológun tún lé àwọn àjèjì jáde lẹ́ẹ̀kejì. Ní Gánà náà, lẹ́yìn 1969, àwọn olóko kòkó ń wá alágbàṣe kiri.

Ẹ jẹ́ kí n mú un délé. Àwọn tó ń lẹ táìsì sílẹ̀ ilé wa ní Èkó, ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Tógò àti Kùtọnu. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń fọ aṣọ yín náà ńkọ́? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ni owó oṣù rẹ̀ ń dé, àbí ọwọ́ alágbàtà tó mú un wá? Ṣé ẹ mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́? Tí ẹ bá jẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn lówó, ẹ má dúró de ìpàdé àdúrà ọjọ́ Wẹsidé. Ẹ san án lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ilé bàbá mi ṣì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo lọ síbẹ̀ ní Àjíǹde tó kọjá, mo fọwọ́ pa ara ògiri rẹ̀. Ìrẹ́ yẹn ò tíì là.

*Àdúrà:* Olúwa, a bẹ̀ ọ́ fún àwọn ọmọ wa ní Accra, ní Johannesburg, ní London àti níbi gbogbo tí wọ́n wà. Fi ojú rere wọn sọ́kàn aládùúgbò wọn. Bí ọkùnrin tó rẹ́ ilé wa bá ṣì wà láyé, tọ́jú rẹ̀. Bí kò bá sí mọ́, tọ́jú àwọn ọmọ rẹ̀, kí o sì dárí 45 náírà jì wá. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Bíbélì kíkà fún ọ̀la: Rúùtù orí 3.