Ewé Tí Kò Fẹ́ Iná
Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan; ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ṣáínà, lọ́dún 1971, nígbà tí Tu Youyou, akíkanjú obìnrin, ń wá oògùn ibà nínú ewé Artemisia annua, ewé kò kù, iná tí a fi ń sè é ni ó pọ̀ jù, tí ó ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ìwé Ge Hong, àgbà oníṣègùn ayé àtijọ́, ti wí pé kí a rẹ ewé náà sínú omi, kí a fún un, kí a mu oje rẹ̀, láìdárúkọ sísè. Ether, olómi kan tí ń hó ní nǹkan bí 35°C, ni obìnrin náà fi fa agbára ewé jáde. Ẹ̀bùn Nobel sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní 2015.

Ṣùgbọ́n ether a máa gbiná wéré. Ohun tí èmi yàn láàyò láti fi fa agbára ewé jáde ni kábọ́nì-dáyọ́sáìdì, gáàsì tí à ń mí síta: bí ooru rẹ̀ bá ju 31°C lọ, tí a sì fún un mọ́ra ju nǹkan bí ìlọ́po 73 agbára afẹ́fẹ́ ayé lọ, a máa wọnú ewé bí afẹ́fẹ́, a sì máa yọ́ èròjà inú rẹ̀ bí omi, bí a bá sì ti dẹ̀ ẹ́, yóò fẹ́ kúrò, a ó sì tún gbà á lò, láìsí májèlé nínú oògùn tàbí nínú odò. Ẹ̀rọ rẹ̀ nìkan ni ó wọ́n bí ojú.