Ọrẹ, Ẹ̀yáwó àti Ìdókòwò

Owó tí a fi ta ènìyàn lọ́rẹ, owó tí a yá a àti owó tí a bá a dá sí òwò ní orúkọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń jẹ́ lédè Yorùbá: ọrẹ kì í padà, ẹ̀yáwó gbọ́dọ̀ padà, ìdókòwò sì ni owó tí olówó fi sínú òwò ẹlòmíràn kí àwọn méjèèjì lè jọ jẹ èrè tàbí kí wọ́n jọ pàdánù. Èlé àti èrè pàápàá kò gbọdọ̀ dàrú mọ́ra wọn, nítorí èlé a máa gorí ẹ̀yáwó yálà òwò pé tàbí kò pé, ṣùgbọ́n èrè kò sí àfi bí ọjà bá tà.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ètò YouWiN! kalẹ̀ ní Abuja ní ọdún 2011, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000 ló fi àlàyé òwò wọn díje, 1,200 sì yege. Owó tí ẹnì kan lè gbà tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, kò sì sí ẹni tí yóò san án padà. Ọrẹ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ìjọba ń san án bí olówò bá ti ń mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ. Ìbò ni wọ́n fi mú èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó yege, èyí tó jẹ́ kí David McKenzie, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Báńkì Àgbáyé, lè fi àwọn tí ìbò mú wé àwọn tí kò mú. Ó rí i pé, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tó gbowó náà ni òwò wọn ṣì dúró jù, àwọn náà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

TraderMoni, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, yàtọ̀: ẹ̀yáwó aláìlélé ni nígbà náà, ẹni tó bá sì dá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà àkọ́kọ́ padà ló tó láti gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n ìdìbò ti ń sún mọ́lé, igbákejì ààrẹ ìgbà náà fúnra rẹ̀ sì ń ti ọjà kan bọ́ sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni “wọ́n ń pín owó” ṣe gba ẹnu kan. Ẹni tó bá ní wọ́n “pín” owó ti sọ ẹ̀yáwó di àjẹgbé, ìyẹn owó tí a jẹ tí ẹnikẹ́ni kò ní bi wá.

Àjọ Tony Elumelu, tó kó àwọn olókòwò Áfíríkà jọ sí òtẹ́ẹ̀lì Transcorp Hilton, Abuja, ní oṣù keje ọdún 2019, gbà pé òwò aládàáni tí a fi owó sí fún ìgbà pípẹ́ ni yóò gbé Áfíríkà ga ju ìtọrẹ àánú lọ. Africapitalism ni wọ́n ń pe èrò náà. Síbẹ̀, 5,000 dọ́là tí wọ́n ń fún olókòwò kò ní ìdápadà, nítorí náà, bí àwọn kan ṣe ń pè é ní ìdókòwò kò tọ̀nà rárá. Owó ìbẹ̀rẹ̀ òwò ló bá a mu. Ẹni tó gbà á ni a ń pè ní olùdásílẹ̀ òwò, oníṣòwò sì kéré sí ohun tí à ń wí: ènìyàn lè ta tòmátì ní ọjà Wuse fún ogún ọdún láìgba òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, iye òṣìṣẹ́ sì wà lára ohun tí McKenzie kà nínú ìwádìí YouWiN!.