Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: MỌ́TÒ ALÁGBÁRA TI AMẸ́RÍKÀ ÀTI OWÓ ẸGBẸ́

Ọ̀ràn ọkọ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò lóṣù yìí, nítorí pé ọkọ̀ wà lára ohun tí ènìyàn máa ń torí rẹ̀ yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa, nílé àti lẹ́yìn odi, fẹ́ràn mọ́tò Amẹ́ríkà tí ń dún bí ààrá, èyí tí àwọn ará ọ̀hún ń pè ní muscle car. Kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó tọwọ́ bọ ìwé, ẹ jẹ́ kí a bèèrè nǹkan mẹ́ta: Èló ni? Iṣẹ́ wo ni yóò ṣe fún wa? Ta ni yóò máa tún un ṣe?

1. IYE OWÓ. Mẹ́ta ni ó lókìkí jù nínú wọn: Ford Mustang, Chevrolet Camaro àti Dodge Challenger. Láti oṣù kẹrin ọdún 1964 ni Mustang ti wà lórí títì. Àwọn méjì yòókù kógbá wọlé nígbà tí ọdún 2023 ń parí lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ tuntun nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Mustang nìkan ló kù fún un.

Ní ọdún 2024, Mustang tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré jù fi díẹ̀ lé ní $30,000 ní Amẹ́ríkà. Èyí tí ó ní sílíńdà mẹ́jọ, tí wọ́n ń pè ní GT, lé ní $40,000. Iye tí wọ́n ń tà á lọ́hùn-ún nìyẹn o! Owó ọkọ̀ ojú omi, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, owó ìwé àti owó gbígbé e láti Èkó dé Aiyétòrò kò sí níbẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba sì ti fòfin de kíkó mọ́tò wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní òun yóò gba Kùtọnu mú un wá fún yín ní ẹ̀dínwó, wàhálà ló fẹ́ tà fún yín.

2. ÌWÚLÒ. Mọ́tò wọ̀nyí ní àǹfààní kan: ọwọ́ òsì ni sitiárìn wọn wà, ó sì bá ọ̀nà tiwa mu láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí Nàìjíríà kúrò ní apá òsì títì bọ́ sí apá ọ̀tún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn méjì péré ni wọ́n ní. Ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, báwo ni yóò ṣe wọ ẹ̀yìn? Níbo la ó kó iṣu àti àpò kajú sí? Táyà wọn fẹ̀, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Kòtò kan ṣoṣo lè fọ́ rímù.

Ti epo ńkọ́? Ohun tí Toyota Corolla ń jẹ, Mustang onísílíńdà mẹ́jọ ń jẹ tó ìlọ́po rẹ̀ méjì. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó ₦200 ní ilé epo NNPC. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

3. ẸNI TÍ YÓÒ TÚN UN ṢE. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ford ní aṣojú ní Nàìjíríà, èyíinì ni Coscharis ní Èkó. Toyota náà ní àwọn aṣojú bí Elizade. Kò sí èyí tí ó wà ní Aiyétòrò nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí Corolla bá kọṣẹ́, mẹkáníìkì tí ó mọ̀ ọ́n kò ṣòro rí ní Kabba tàbí Lọ́kọ́jà, páàtì rẹ̀ sì ń bẹ lọ́jà. Bí Mustang bá kọṣẹ́, ó lè di ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, tàbí kí a máa retí ẹrù láti Amẹ́ríkà.

Àwọn àgbà wa ti rí irú èyí rí. Ní oṣù kẹta ọdún 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Kàdúná, tí Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Kí ló dé tí 504 àti ìjàpá fi kún gbogbo ìlú? Kì í ṣe eré sísá. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí abúlé tí ènìyàn kò ti lè rí ẹni tí yóò tú ẹ́ńjìnnì wọn, kí ó sì tún un tò.

Ẹ wò ó báyìí: ká ní ọmọ ẹgbẹ́ kan yáwó ra mọ́tò láti fi ṣiṣẹ́. Páàtì kan bàjẹ́, mọ́tò dúró sábẹ́ igi máńgòrò fún oṣù mẹ́rin. Ṣé owó tí yóò máa san padà lóṣooṣù yóò dúró dè é? Rárá o. Ọrùn àwọn onídùúró rẹ̀ ni yóò já lé. Àwọn wọ̀nyí kò gun mọ́tò náà rí, àwọn ni yóò sì san án.

Ẹni tí ó bá ní owó ara rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì wà níbẹ̀, kí ó rà á. A ó bá a yọ̀. Ẹni tí yóò fi owó ẹgbẹ́ rà á, kí ó ra èyí tí yóò bọ́ ara rẹ̀.

Ìmọ̀ràn kan fún gbogbo olùra tòkunbọ̀: ẹ yẹ nọ́ńbà ṣáṣí wò. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ìkẹwàá nínú wọn ń sọ ọdún ọkọ̀: N ni 2022, P ni 2023, R ni 2024. Bí ó bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ ní kí ọmọ yín tó wà lọ́hùn-ún fi nọ́ńbà náà wádìí bóyá ó ti ní jàǹbá rí, kí ẹ tó sanwó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ:
(i) Ṣé ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ yá owó ọkọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tí yóò ti máa rí páàtì?
(ii) Ṣé ó yẹ kí onídùúró rí ọkọ̀ náà kí ó tó tọwọ́ bọ ìwé?

Kí gbogbo wa ronú sí i kí a tó pàdé. Ire o.