Wọ́n Pè Mí sí Alẹ́ Burns

Ìbéèrè: Owendo, ní Gabon, ni mo ń gbé, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Aládùúgbò mi, ará Skọ́tlándì, pè mí sí alẹ́ Burns ní ọjọ́ 25, oṣù kìíní. Kí ni mo lè ṣe tí n kò fi ní tẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ lọ, ẹ má bẹ̀rù. Robert Burns, akéwì tí wọ́n bí ní 1759, ni wọ́n ń rántí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ se àsè náà ní 1801, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹ ó gbọ́ fèrè bí wọ́n bá ń gbé haggis wọlé. Ẹnìkan á dìde, á ki oúnjẹ náà bí ẹni ń ki ọba, á sì fi ọ̀bẹ là á. Ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn ni, tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n pò mọ́ óòtì àti àlùbọ́sà, tí wọ́n sì sè nínú àpò ikùn ẹran náà. Ẹni tó ń jẹ inú ẹran nílé kò ní sá fún un.

Ẹ wọ agbádá yín. Bí ẹ kì í bá mu ọtí, ẹ fi omi ọsàn gbé ife sókè. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ̀rọ̀, ẹ ki oríkì ìdílé yín: àwọn tó ń bọlá fún akéwì á mọyì rẹ̀.