Agolo tó ń ta aago: Ẹ̀kọ́ tó wà lára aago Fossil fún oníṣòwò kéékèèké

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ìyá tó ń ta ìrẹsì lọ́jà mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Agolo De Rica tó fi ń wọn ìrẹsì fún oníbàárà, tòmáàtì inú rẹ̀ ti tán tipẹ́, àmọ́ orúkọ ara agolo náà ti di orúkọ òṣùwọ̀n. “Dẹ́ríkà mélòó lẹ fẹ́?” ni wọ́n ń bi oníbàárà. Ohun tí wọ́n fi di ọjà ti pẹ́ láyé ju ọjà náà lọ, ó sì ń polówó ẹni tó ni ín lójoojúmọ́ láìgba kọ́bọ̀.

Ti De Rica kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ lo irú ọgbọ́n yìí. Fossil ni wọ́n ń pè é, aago ọwọ́ ló sì ń tà. Agolo aláwòrán tó ń kó aago rẹ̀ sí gbajúmọ̀ débi pé àwọn kan wà tó ń kó agolo náà jọ bí àwọn mìíràn ṣe ń kó owó àtijọ́ jọ. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré. Ọ̀kan lè mú owó wọlé, èkejì kò ní jẹ́ kí owó ṣòfò.

BÍ WỌ́N ṢE BẸ̀RẸ̀

Lọ́dún 1984 ni Tom Kartsotis dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Texas. Tíkẹ́ẹ̀tì eré ìdárayá àti ti àwọn olórin ló ń tà tẹ́lẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aago wọlé láti Hong Kong. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kosta, tí òun náà ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà ńlá, wá dara pọ̀ mọ́ ọn lọ́dún 1988. Orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fi ń pe bàbá wọn ni wọ́n sọ ọjà náà. Nígbà tó fi máa di ọdún 1993, ilé-iṣẹ́ náà ti ń ta ìpín ìdókòwò fún gbogbo ènìyàn.

Ìṣòro tí wọ́n bá pàdé kò ṣàjèjì sí oníṣòwò kankan: ọjà wọn jọ ti ẹlòmíràn. Aago tó ń lo bátìrì ti sọ iye owó aago di pọ́ọ́kú nígbà náà. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò ṣòroó rí rà, ẹnikẹ́ni tó bá ní owó lọ́wọ́ lè ní kí wọ́n bá òun to aago jọ. Swatch ti ilẹ̀ Switzerland, tó jáde lọ́dún 1983, sì ti kọ́ àwọn ènìyàn pé aago kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ra ẹyọ kan péré láyé rẹ̀, pé wọ́n lè ní oríṣiríṣi bí wọ́n ṣe ní oríṣiríṣi aṣọ. Ta ni yóò wá dá aago Fossil mọ̀ láàárín gbogbo wọn?

Ayàwòrán ilé-iṣẹ́ náà, Lynne Stafford, kò wá ìdáhùn náà lọ sínú ẹ̀rọ rárá. Àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ti àwọn ọdún 1940 àti 1950, irú bíi Life àti Look, ni wọ́n lọ ń tú wò. Wọ́n wo irú lẹ́tà tí wọ́n ń kọ nígbà náà, irú àwọ̀ tí wọ́n ń lò, bí wọ́n ṣe ń ya mọ́tò àti obìnrin tó rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú ìpolówó ọjà. Wọ́n wá gbé ìrísí náà sójú aago. Aago tuntun ni, àmọ́ aṣọ àtijọ́ ló wọ̀. Ẹni tó rí i lè rò pé ti bàbá bàbá òun ni, síbẹ̀ kò tíì ju oṣù díẹ̀ lọ tí wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá kó o sínú agolo tí wọ́n ya irú àwòrán kan náà sí lára.

IṢẸ́ TÍ AGOLO NÁÀ Ń ṢE

Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni agolo náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ mẹ́rin ló ń ṣe.

Àkọ́kọ́, lórí káńtà, ó ń pe ojú. Páálí funfun àti ike dúdú ni ọ̀pọ̀ aago mìíràn wà nínú rẹ̀. Ìrìnisí ni ìsọnilọ́jọ̀, bó ṣe rí fún èèyàn náà ló rí fún ọjà.

Ìkejì, ó sọ aago di ẹ̀bùn. Ẹni tó fẹ́ fi ta ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ kò tún nílò láti ra bébà tí yóò fi wé e. Nígbà kan, oníbàárà gan-an lè yan agolo tó wù ú nínú ṣọ́ọ̀bù Fossil kí wọ́n tó kó aago rẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan nǹkan, ó ṣòro kó tó jù ú nù.

Ìkẹta, ó ń dúró nílé. Wọ́n ń kó bọ́tìnnì, owó ẹyọ àti abẹ́rẹ́ sí i, orúkọ ilé-iṣẹ́ náà sì wà lójú wọn láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ìkẹrin, àwòrán ara rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ẹni tó bá ti ní mẹ́ta tó yàtọ̀ síra, ọkàn rẹ̀ yóò máa fà sí ìkẹrin. Ibi tí kíkó jọ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

AAGO TÍ WỌ́N KA IYE RẸ̀

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà rí i pé àwọn ènìyàn ti ń kó ọjà òun jọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn aago kan ní ìwọ̀nba. Wọ́n á sọ iye tí wọ́n máa ṣe, wọ́n á sì fín nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àpẹẹrẹ, bí wọ́n bá kọ 350 nínú 10,000 sí i, ìyẹn ni pé ìkọkàndínláàádọ́ta-dín-nírinwó kọ́ ni, aago tó jẹ́ nọ́ńbà 350 gan-an nìyẹn, kò sì sí èkejì rẹ̀. Wọ́n fi àwòrán Superman, Batman àti fíìmù Star Wars ṣe irú àwọn aago bẹ́ẹ̀, agolo tàbí àpótí wọn sì máa ń bá aago mu. Kì í ṣe pé wọ́n kàn jí àwòrán náà yà o. Wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, wọ́n sì san owó rẹ̀.

Nọ́ńbà ẹ̀yìn aago yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́kàn lé. Wọ́n ní bí kò ṣe pọ̀, dandan ni kó gbówó lórí lọ́jọ́ iwájú. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí oníṣòwò ti ronú jinlẹ̀.

OHUN TÍ GBOGBO AYÉ TỌ́JÚ KÌ Í WỌ́N

Lọ́dún 1933, ilé-iṣẹ́ Ingersoll-Waterbury ní Amẹ́ríkà gbé aago kan jáde tó ní àwòrán Mickey Mouse lójú. Ọwọ́ Mickey ló ń tọ́ka sí wákàtí. Aago pọ́ọ́kú ni, àwọn ọmọdé ni wọ́n sì rà á fún jù. Àwọn ọmọ wọ̀ ọ́ lọ síbi eré, wọ́n fi gbá ilẹ̀, wọ́n já okùn rẹ̀. Páálí tí wọ́n kó o sí, inú ààtàn ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá lọ. Lónìí, ẹni tó bá rí aago náà tí ara rẹ̀ ṣì dá, tó tún wà nínú páálí rẹ̀, ti rí nǹkan gidi. Kò sí ẹni tó sọ pé ìwọ̀nba ni wọ́n ṣe. Ìlò ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Ti Fossil yàtọ̀. Agolo rẹ̀ rẹwà, nítorí náà àwọn tó rà á tọ́jú rẹ̀. Àwọn tó ra aago oní-nọ́ńbà kò tilẹ̀ fi sí ọwọ́, wọ́n tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí pé yóò di owó. Gbogbo wọn ní èrò kan náà lọ́kàn. Nígbà tí ọjà gbàǹjo eBay dé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dún 1995, tí ẹni tó wà ní Texas lè rí ọjà ẹni tó wà ní New York láìdìde lórí ìjókòó, ó wá hàn pé ohun tí kálukú rò pé òun nìkan ló ní, ó kún ilé onílé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ agolo Fossil fi ń tà ní owó táṣẹ́rẹ́ títí di òní, tí púpọ̀ nínú àwọn aago oní-nọ́ńbà náà kò sì ju iye tí wọ́n rà wọ́n lọ.

Ohun tó yẹ kó yé wa ni pé iye tí wọ́n ṣe nìkan kọ́ ló ń mú ọjà wọ́n. Iye ènìyàn tó ń wá a ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní aago 10,000 ló wà, tó sì jẹ́ pé ènìyàn 2,000 péré ló ń wá a, aago náà ti pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká fi owó ṣe é. Ká ní oníṣòwò kan fi N300,000 ra aago mẹ́wàá, N30,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tọ́jú wọn fún ọdún mẹ́ta, ó wá tà wọ́n ní N36,000. Èrè rẹ̀ jẹ́ N60,000. Bó bá jẹ́ pé ọjà tó ń yá ló fi N300,000 náà rà, tó ń yí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ́dún, tó sì ń rí èrè N15,000 péré nígbà kọ̀ọ̀kan, N90,000 ni yóò rí lọ́dún kan. Láàárín ọdún mẹ́ta náà, ó di N270,000. Ẹni tó fẹ́ràn aago lè ra aago, kò sí ẹni tó ní kó má rà á. Àmọ́ kó má fi owó ọjà rà á.

FÚN ẸNI TÓ BÁ FẸ́ KÓ O JỌ

Bó bá jẹ́ ìfẹ́ ló mú èèyàn wọ̀ ọ́, àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kó mọ̀.

Kó rí i pé gbogbo ẹ̀ ló pé: aago, agolo, ìwé inú rẹ̀ àti ohun kékeré yòówù tí wọ́n fi sí i láti ilé-iṣẹ́. Bí ìwé bá ní nọ́ńbà, kó bá ti ẹ̀yìn aago mu. Aago tí kò ní agolo tirẹ̀, owó rẹ̀ yóò wálẹ̀.

Kó mú aago tí kò lò lọ sọ́dọ̀ alágo-títúnṣe, kí ó bá a yọ bátìrì inú rẹ̀. Bátìrì tó ti kú máa ń da omi tó ń jẹ ẹ̀rọ, aago tó dà bí tuntun lójú sì lè ti bàjẹ́ nínú.

Kò gbọ́dọ̀ fi omi fọ agolo, nítorí omi ni yóò jẹ́ kó dógùn-ún. Aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ ló yẹ kó fi nù ún. Àpò kékeré tó ń fa omi, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, dára láti fi sí i, pàápàá nítorí okùn aláwọ tó máa ń bu bí ibi tó wà bá tutù.

Lórí iye owó, kó má wo iye tí olùtà ń pè. Ẹnikẹ́ni ló lè pe iye tó wù ú. Iye tí wọ́n ti tà á gan-an ni kó wò, eBay sì máa ń ṣàfihàn ìyẹn lọ́tọ̀.

Ẹ̀KỌ́ FÚN ỌJÀ TIWA

Ẹni tó ń ṣe ọṣẹ, tó ń ta oyin, tó ń dín ṣinṣín tàbí tó ń ṣe ìpara lè lo ọgbọ́n agolo yìí láì jẹ́ pé ó ń ta aago.

Ẹ wá ohun tí oníbàárà lè tún lò nílé, kí ẹ fi di ọjà yín. Ẹ kọ orúkọ yín sí i lọ́nà tí kò ní tètè pa rẹ́. Ẹ ṣírò iye rẹ̀ mọ́ ọjà kí ẹ tó dá iye lé e, kí agolo má baà jẹ èrè tán. Ẹ kọ́kọ́ ṣe díẹ̀, kí ẹ wo bí wọ́n ṣe gbà á.

Ẹ má ya àwòrán oníwòrán. Ẹ wá ayàwòrán, kí ẹ sanwó fún un, kí ẹ sì gba ìwé pé iṣẹ́ náà ti di tiyín.

Bí ẹ bá ní ọgọ́rùn-ún péré lẹ máa ṣe fún ọdún, ẹ má ṣe jẹ́ kó di ọgọ́rùn-ún lé kan. Lọ́jọ́ tí oníbàárà bá rí èyí tó lé yẹn, kò sí nọ́ńbà tí ẹ tún kọ tí yóò gbà gbọ́.

Paríparí rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí agolo dára ju ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ. Lọ́dún 2014, ọjà tí Fossil tà tó bílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ dọ́là. Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, ó ti wálẹ̀ sí bíi bílíọ̀nù kan lé díẹ̀. Fóònù ti ń sọ aago fún àwọn ènìyàn, aago onífóònù sì ti gba ọwọ́ àwọn tó kù. Fossil náà gbìyànjú láti ṣe irú aago bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó kéde ní oṣù kìíní ọdún 2024 pé òun ti fi í sílẹ̀. Agolo aláwòrán kò lè gba ìyẹn dúró. Agolo ló ń pe oníbàárà wọlé lẹ́ẹ̀kan, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń mú un padà wá.