Kí Ló Dé Tí Enterprise Kò Fi Ní Ìyẹ́?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, iṣẹ́ yíyàwòrán ilé ni mò ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Bàbá mi fẹ́ràn Star Trek àtijọ́, eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà kí wọ́n tó bí mi, àwa ọmọ náà sì ti bá wọn wò ó títí ó fi wọ̀ wá lára. Ohun tí kò yé mi ni ọkọ̀ òfurufú wọn, Enterprise. Iwájú rẹ̀ rí pẹlẹbẹ bí àwo. Àgbá gbọọrọ kan wà nísàlẹ̀. Nǹkan gígùn méjì tún nà sẹ́yìn lókè. Kò ní ìyẹ́, kò ní ìrù, iná kì í sì í jáde nídìí rẹ̀. Àbúrò mi ní ẹni tó yà á kàn ń fi bírò ṣeré ni. Ṣé lóòótọ́ ni? Mo tún fẹ́ ya ọkọ̀ ti ara mi fún ìtàn aláwòrán kan tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń ṣe. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ìbéèrè rẹ dùn mọ́ mi gan-an ni. Ẹni tó ya Enterprise kò fi bírò ṣeré rárá. Walter Jefferies ni orúkọ rẹ̀, Matt ni wọ́n ń pè é. Ó ti wọ bàálù ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó mọ bàálù wà, ó sì mọ àwòrán rẹ̀ yà dáadáa. Gene Roddenberry tó dá eré náà sílẹ̀ pàápàá ti wa bàálù agbébọ́ǹbù lójú ogun, ó sì wa bàálù akérò lẹ́yìn náà. Àwọn tó mọ ohun tí ń gbé nǹkan fò ló jókòó ti iṣẹ́ yìí ní 1964.

Àṣẹ tí Roddenberry pa kò gùn: kò gbọdọ̀ sí ìyẹ́, kò gbọdọ̀ sí rọ́kẹ́ẹ̀tì, iná tàbí èéfín kò gbọdọ̀ jáde lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ rí bí ohun tó lágbára. Jefferies wá kó àwòrán àwọn ọkọ̀ inú fíìmù àtijọ́ jọ, ti Buck Rogers àti ti Flash Gordon, ó gbé wọn kọ́ ara ògiri, kí ó lè máa rí ohun tí òun kò ní í yà. Mo fẹ́ràn ìwà yẹn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń kó àwòrán jọ kí wọ́n lè fara wé e; òun kó o jọ kí ó lè sá fún un.

Ní ti ìyẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbé bàálù ró. Bí bàálù ti ń sáré, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lórí ìyẹ́ rẹ̀ àti lábẹ́ rẹ̀ ló ń gbé e sókè. Nínú gbalasa òfurufú, afẹ́fẹ́ tó lè gbé nǹkan kò sí, nítorí náà ìyẹ́ kò ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀, ẹnu ṣóńṣó bíi ti bàálù kò sì wúlò. Wo ibùdó òfurufú tí Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn jọ kọ́, tó ń yí ayé po ní nǹkan bí kìlómítà 400 lókè orí wa. Ara rẹ̀ rí gánnagàna, síbẹ̀ bàálù kankan kò lè bá a sáré. Ohun tó dà bí ìyẹ́ lára rẹ̀, pátákó tó ń gba oòrùn tó sì ń sọ ọ́ di iná mànàmáná ni.

Enterprise mìíràn wà tó ní ìyẹ́ o. Nígbà tí NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, ń kọ́ ọkọ̀ òfurufú tuntun, àwọn olólùfẹ́ eré yìí kọ lẹ́tà rẹpẹtẹ sí ìjọba pé kí wọ́n fi orúkọ náà pè é, ìjọba gbà, wọ́n sì fi í han aráyé ní ọdún 1976. Ìyẹn ní ìyẹ́ méjì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí pé irú ọkọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ padà wọ inú afẹ́fẹ́ ayé kí ó balẹ̀ bíi bàálù. (Kò dé gbalasa òfurufú rí, orí Boeing 747 ni wọ́n ti ń tú u sílẹ̀ láti wò bí yóò ṣe balẹ̀.) Enterprise inú eré ní tirẹ̀ kì í balẹ̀, owó sì wà lára ìdí rẹ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá ní láti balẹ̀ sí pílánẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fíìmù rẹ̀ ì bá gbówó lórí jù. Wọ́n wá mú àwọn òṣèré dúró sórí pèpéle kan, ara wọn á máa dán yinrinyinrin, wọ́n á pòórá, wọ́n á sì yọ ní ibòmíràn. Àìtó owó ló bí ohun tí gbogbo ayé fi ń dá eré náà mọ̀.

Nǹkan gígùn méjì tó wà lẹ́yìn ni ẹ́ńjìnnì. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó sún mọ́ oòrùn wa jù lọ ń lo ju ọdún 4 lọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọkọ̀ tí yóò máa ti orí ìràwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ nínú ìtàn. Jefferies rò ó pé agbára tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ yóò léwu, kò sì yẹ kí ènìyàn sùn tì í. Bí a ṣe ń gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí yàrá tí a ń sùn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé ẹ́ńjìnnì jìnnà sí ibi tí ènìyàn ń gbé. Ibi tí wọ́n ń gbé yìí, ó kọ́kọ́ fẹ́ kí ó rí róbótó, kó tó tẹ̀ ẹ́ di pẹlẹbẹ.

Tí o bá tún ń wò ó, wo ara ọkọ̀ náà dáadáa. Ó ń dán, kò sí páìpù, kò sí wáyà níta. Ohunkóhun tó bá wà níta lè bàjẹ́, ẹni tí yóò sì tún un ṣe ní láti wọ aṣọ òfurufú jáde lọ bá ewu. Jefferies ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú, níbi tí ọwọ́ ẹnjiníà ti lè tó o. Ihò tóóró tí Scotty, ẹnjiníà inú eré náà, máa ń rá wọ̀ láti tún nǹkan ṣe, orúkọ Jefferies ni wọ́n fi pè é. Nọ́ńbà tó wà lára ọkọ̀ náà, NCC-1701, pàápàá ní ìdí. N ló ń ṣáájú nọ́ńbà àwọn bàálù Amẹ́ríkà. Jefferies sì yẹra fún 3, 6, 8 àti 9, torí ojú lè ṣì wọ́n kà lórí tẹlifíṣọ̀n kékeré. Ní 1966 tí eré náà bẹ̀rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú àti funfun ṣì ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò ní Amẹ́ríkà.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ère ọkọ̀ tí wọ́n fi ya fíìmù. Richard Datin àti àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ni wọ́n kàn án, pákó, ike àti irin pẹlẹbẹ ni wọ́n fi ṣe é, ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 11. Nígbà tí wọ́n fi iná sí i, ẹ̀gbẹ́ òsì ni wáyà gbà wọlé, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ni kámẹ́rà ń rí. Tí ọkọ̀ bá ní láti kọjú sí òdìkejì, wọ́n á lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn ní òdì, wọ́n á sì yí fíìmù padà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń yí bírí níwájú ẹ́ńjìnnì, gílóòbù wẹ́wẹ́ irú èyí tí a ń so nígbà Kérésìmesì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àfọ́kù dígí àti mọ́tò kékeré tó ń yí nǹkan. Pákó àti gílóòbù yẹn ló mú kí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn gbàgbọ́ pé ọkọ̀ kan wà lóòótọ́ láàrin ìràwọ̀. Wọ́n fún ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní ère náà ní 1974. Ní 2016, wọ́n gbé e sínú gbọ̀ngàn kan náà ní Washington pẹ̀lú bàálù tí Charles Lindbergh fi dá nìkan fò kọjá òkun Atlantic ní 1927, ibẹ̀ sì tọ́ sí i lójú tèmi.

Nínú ọkọ̀, yàrá ìdarí rí róbótó, Kirk tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ wà láàrin, ó lè yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Uhura, òṣìṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà tí Nichelle Nichols ṣe, jókòó lẹ́yìn rẹ̀ níbi tí kámẹ́rà ti ń rí i ṣáá. Ní 1966, kí obìnrin adúláwọ̀ jókòó sídìí iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà kì í ṣe ohun kékeré. Ògiri yàrá náà ṣeé yọ lápá kọ̀ọ̀kan kí kámẹ́rà lè ráyè. Àwọn ilẹ̀kùn tó ń ṣí fúnra wọn nínú ọkọ̀ yẹn, ènìyàn ló ń fà wọ́n lẹ́yìn ògiri.

Àléébù kò ṣàì sí. Ọrùn tó so àwo mọ́ àgbá tinrín jù, àwọn ọ̀pá tó gbé ẹ́ńjìnnì náà sì tinrín. Ìwọ tó ń kọ́ nípa ilé gbọ́dọ̀ ti rí i. Yàrá ìdarí tún wà ní góńgó orí ọkọ̀, níbi tí ọ̀tá yóò kọ́kọ́ yìnbọn sí. Ṣùgbọ́n n kò ní í gbé e kúrò níbẹ̀. Nínú apá àkọ́kọ́ tí wọ́n yà, èyí tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n NBC kọ̀, kámẹ́rà sún mọ́ ọkọ̀ láti òkè títí ó fi gba òrùlé wọlé, a sì rí àwọn ènìyàn bíńtín nínú rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ la mọ bí ọkọ̀ náà ti tóbi tó.

Nípa tìrẹ, má tíì yà á láti ìta. Kọ́kọ́ pinnu iye ènìyàn tó wà nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n ń lọ, àti bóyá ọkọ̀ yóò balẹ̀. Bí yóò bá balẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ wà, fún un ní ìyẹ́, má tijú. Mọ ohun tó léwu jù nínú rẹ̀, kí o gbé e jìnnà sí ibùsùn. Tí o bá yà á tán, kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú, gbé e sí òdìkejì yàrá, kí o bi ẹnikẹ́ni nínú ilé léèrè èwo ni iwájú, èwo ni ẹ̀yìn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, tún un yà. Fi èyí àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi, kódà bó jẹ́ pẹ́ńsùlù lo fi yà á, kí o sì kọ ọ́ sára rẹ̀ ibi tí ẹ́ńjìnnì wà àti ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà dé ibẹ̀ láti tún un ṣe.